Bí Èsì Yunifásítì Kò Bá Dára Tó: Ǹjẹ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Ṣì Ṣeé Wọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń gbé sínú, tí wọn kì í fẹ́ sọ lójú ẹbí. Ẹnì kan ti jáde ní yunifásítì, ó ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó tilẹ̀ ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, ṣùgbọ́n èsì tí ó fi jáde kò ṣeé gbé síta. Third class ni, tàbí second class lower tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọlé. Síbẹ̀, ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ láti kékeré kò tíì kúrò níbẹ̀: ó fẹ́ di dókítà. Ìbéèrè tí ó ń bi ara rẹ̀ lóru ni pé, ṣé ilẹ̀kùn náà ti tì pátápátá?

Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Ilẹ̀kùn náà kò tíì tì, ṣùgbọ́n àánú kò lè ṣí i, àlàyé nípa ohun tí ojú ẹni rí kò sì tó láti ṣí i. Ẹ̀rí tuntun ni ó ń ṣí i. Èsì àtijọ́ ti di ohun tí a kọ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pa á rẹ́. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ ẹni ni láti kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí ó bá wo méjèèjì lè rí i pé nǹkan ti yí padà láàárín wọn.

Òkúta wo ni ẹsẹ̀ kọ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kì í ṣe ọmọdé mọ́. Kí ó tó gbọn eruku ara rẹ̀ nù kí ó máa lọ, ó yẹ kí ó wẹ̀yìn wo òkúta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ.

Ní Nàìjíríà, òkúta kan wà tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Ààyè ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò pọ̀. Àjọ MDCN, tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ àwọn dókítà àti àwọn dókítà eyín, ni ó ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà, ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá sì kọjá iye náà, ìyà ń bẹ fún un. Nítorí èyí, ọmọ tí ó mọ̀wé dáadáa lè má rí ààyè, kí yunifásítì sì gbé e lọ sí ẹ̀kọ́ mìíràn: ìmọ̀ ẹranko, ìmọ̀ ewéko, iṣẹ́ àgbẹ̀, Microbiology tàbí Biochemistry. Àwọn òbí á ní kí ó gbà á bẹ́ẹ̀, pé bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Ọmọ náà gba òòbẹ̀ sọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń bẹ lára àdán. Ní ọdún kìíní, ó ní òun yóò yí padà sí ìṣègùn bí máàkì òun bá gbé e. Máàkì kò gbé e. Ní ọdún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa kíláàsì jẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí kò rí ìdí tí òun fi ń ka ohun tí òun kò béèrè fún. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹrin, àìbìkítà ti di àṣà sí i lára. Ẹni tí ó bá ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ yóò rò pé ìwọ̀n ọpọlọ rẹ̀ ni òun ń wò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwọ̀n ọ̀fọ̀ ọdún mẹ́rin ni.

Èyí kọ́ ni ìdí kan ṣoṣo. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kí wọ́n lè rí owó ilé ìwé san, orí àga kíláàsì ni wọ́n ti ń sun oorun tí wọn kò rí sùn nílé. Àwọn kan pàdánù òbí ní àárín ẹ̀kọ́. Àwọn kan ń ṣàìsàn. Àwọn kan, ìpìlẹ̀ Kẹ́mísírì àti Físíìsì wọn ti mẹ́hẹ láti ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n kàn ń fi ọgbọ́n orí yí i ká. Àwọn mìíràn sì wà tí fàájì ni ó jẹ ọdún wọn, kí a má purọ́.

Ìdí kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀. Ẹni tí àìlówó dà láàmú gbọ́dọ̀ wá orísun owó kí ó tó padà, nítorí ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ alẹ́. Ẹni tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò lágbára gbọ́dọ̀ padà sí ìwé ilé ẹ̀kọ́ girama láìtijú. Ẹni tí fàájì jẹ ọdún rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ẹgbẹ́ padà kí ó tó yí ẹ̀kọ́ padà. Ní ti ẹni tí ó ṣọ̀fọ̀, kí ó bi ara rẹ̀ bóyá òun fẹ́ máa tọ́jú aláìsàn, tàbí òun fẹ́ fi orúkọ dókítà bo ìtìjú ọdún mẹ́rin mọ́lẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í wo ìtìjú sàn.

Ilẹ̀kùn tí ń béèrè èsì, àti èyí tí kì í béèrè

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí ó ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n rò pé gbogbo ilẹ̀kùn ni yóò béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì lọ́wọ́ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni Direct Entry, tí ó ń gbé ẹni tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí tẹ́lẹ̀ lọ tààrà sí ọdún kejì. Ilẹ̀kùn yìí ni èsì tí kò dára ti máa ń ṣèdíwọ́ jù. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó bá ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ́ second class upper ó kéré tán, nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí ó súnmọ́ ìṣègùn. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ gba ẹnikẹ́ni sí ìṣègùn láti ọ̀nà yìí. Ní àwọn yunifásítì tí ó ń lo òṣùwọ̀n 5.00, second class upper bẹ̀rẹ̀ láti 3.50. Second class lower wà láàárín 2.40 àti 3.49, third class sì wà láàárín 1.50 àti 2.39. Ẹni tí ó bá wà nínú ìpele méjèèjì ìsàlẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ gbé ìrètí rẹ̀ lé ilẹ̀kùn yìí nìkan. Àwọn kan máa ń lọ ṣe PGD, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí másítà, kí wọ́n lè fi bo èsì àkọ́kọ́. Ohun rere ni bí ẹ bá nílò rẹ̀ fún iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó sí i nítorí ìṣègùn, ẹ kọ́kọ́ bi ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń fẹ́ bóyá yóò kà á sí, nítorí ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni àwọn kan ń wò.

Ilẹ̀kùn kejì ni UTME tí JAMB ń ṣe, èyí tí gbogbo wa mọ̀ láti ìgbà èwe. Ilẹ̀kùn yìí kì í béèrè ìpele tí ẹ fi jáde ní yunifásítì. Ohun tí ó ń wò ni èsì WAEC tàbí NECO yín, pẹ̀lú máàkì tí ẹ gbà ní ọdún tí ẹ wá. Fún ìṣègùn, ẹ ó ṣe Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Ìbéèrè 180 ni: 60 fún Èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Máàkì 400 ni àròpọ̀ rẹ̀. JAMB kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni ti dàgbà jù láti jókòó níbẹ̀.

Ohun tí ilẹ̀kùn yìí ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni ọdún kan, nítorí ọdún kìíní ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún ń gba ìgbéraga. Ẹni tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè ní Ẹ̀gbọ́n yóò jókòó ti ọmọ ọdún 16 nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kọ̀ǹpútà kan náà, aago kan náà. Ìdíje rẹ̀ kò sì rọrùn. Ní àwọn yunifásítì tí èrò ń wọ́ tọ̀, bí Ìbàdàn, Èkó àti Ilé-Ifẹ̀, ẹni tí ó gba 250 lè má rí ìṣègùn wọ̀. Lẹ́yìn UTME, ọ̀pọ̀ yunifásítì ṣì máa ń ṣe ìdánwò àṣewọlé tiwọn. Máàkì UTME kì í sì kọjá ọdún kan. Bí ẹ kò bá rí ààyè lọ́dún yìí, ẹ ó tún un ṣe lọ́dún tí ń bọ̀.

Ilẹ̀kùn kẹta ni JUPEB àti IJMB. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tí a ń fi nǹkan bí ọdún kan kọ́, tí ó lè gbé ẹni lọ sí ọdún kejì bí máàkì bá pé. Àwọn náà kì í béèrè ìpele ìwé ẹ̀rí àtijọ́. Ìṣòro wọn ni pé kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ó ń gbà wọ́n fún ìṣègùn, owó wọn sì máa ń wọ́n ju ti UTME lọ fíìfíì.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún èyíkéyìí nínú wọn, ẹ lọ sí IBASS, ojú òpó JAMB tí a kọ ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí. Ẹ wo WAEC yín pẹ̀lú. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni: Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń gba èsì ìjókòó méjì papọ̀, àwọn kan kì í gbà. Ẹni tí Físíìsì rẹ̀ jẹ́ D7 láti ìgbà pípẹ́, tí ó ń da ara rẹ̀ láàmú nítorí third class, ń lu ilẹ̀kùn tí kò tì, ó sì fi èyí tí ó tì sílẹ̀.

Fún àwọn tó wà lókè òkun

Àwọn olùkàwé wa tí ó ń gbé Amẹ́ríkà yóò ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, nítorí pé ìwé ẹ̀rí yunifásítì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà níbẹ̀ kí wọ́n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè gbé e sẹ́yìn. Bí wọ́n bá tún ẹ̀kọ́ kan ṣe, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ń fúnni ní oyè MD ń ka máàkì àkọ́kọ́ mọ́ ìkejì. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ẹ̀rí tuntun ni wọ́n ń béèrè: ètò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní post-bac, àti ìdánwò MCAT tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 472 dé 528. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ń fúnni ní oyè DO náà wà, dókítà pátápátá sì ni ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò ọlọ́dún 4 wà fún àwọn tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ 2:1, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tí ó ń gba 2:2 bí máàkì GAMSAT bá ga. Ibi yòówù kí a wà, ìbéèrè kan náà ni àwọn tí ń gbani wọlé ń bèèrè: kí ni ẹ ti ṣe láti ìgbà náà?

Bí ẹ̀rí tuntun ṣe ń rí

Ẹ̀rí tuntun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tí ó sọ pé òun ti yí padà gbọ́dọ̀ lè fi nǹkan hàn fún ara rẹ̀ kí ó tó fi hàn fún ẹlòmíràn. Ìdánwò tí mo máa ń dá lábàá rọrùn. Ẹ mú ìwé Kẹ́mísírì ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Ẹ fi wákàtí 2 kà á lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, bí iṣẹ́ tilẹ̀ wà, bí iná ọba bá tilẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jókòó ti ìbéèrè ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹ fi aago sí i, ẹ má ṣe wo ìdáhùn. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ẹ kò lè tẹ̀lé e, ìdáhùn kan ti jáde ná, kò sì ná yín ní owó púpọ̀. Bí ẹ bá lè tẹ̀lé e, tí máàkì sì ń gòkè, ẹ ti ní ohun tí ìwé ẹ̀rí àtijọ́ kò lè sọ nípa yín.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ìwọlé kọ́ ni òpin. Ní ọdún kejì àti ìkẹta, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn yóò kọ́ Anatomy, Physiology àti Biochemistry papọ̀, yóò sì jókòó fún ìdánwò ńlá àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá yege níbẹ̀ lè tún ọdún náà ṣe, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìṣègùn kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìwà tí ó bí èsì àkọ́kọ́, bí a kò bá fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò bá ni wọlé.

Ẹ̀rí mìíràn tí ó wúlò ni iṣẹ́ nídìí ìlera. Ẹni tí ó ti fi ọdún kan ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí nídìí oògùn, ti rí ẹ̀jẹ̀, ti gbọ́ ẹkún, ti mọ bí alẹ́ ṣe máa ń gùn ní wọ́ọ̀dù. Bí ó bá ṣì ní ìṣègùn ni òun fẹ́, ohun tí ó mọ̀ ni ó ń sọ.

Ìtàn ilẹ̀ wa fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ hàn wá. A bí Oguntola Sapara ní Freetown ní ọdún 1861. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń jẹ́. Nígbà tí ẹbí rẹ̀ dé Èkó, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nídìí oògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọdún 1888 ni ó tó kọrí sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìṣègùn, ó sì di ọdún 1895 kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí dókítà, nígbà tí ó ti pé nǹkan bí ẹni ọdún 34. Ó padà sí Èkó, ó sì bá àrùn ṣọ̀pọ̀ná jà débi pé ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń bọ ọ́ ní bòńkẹ́lẹ́, kí ó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn ká. Kò sí ẹni tí ó ń rántí lónìí pé ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí yóò ná wa

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ láìdẹ̀jú mọ́ ọn. Ká ní ẹnì kan pé ọmọ ọdún 24 nígbà tí ó parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ó fi ọdún kan múra fún UTME, ó wọlé ní ọmọ ọdún 25. Ìṣègùn jẹ́ ọdún 6 láti ọdún kìíní. Ó ti di 31. Housejob jẹ́ ọdún kan kí MDCN tó lè fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pátápátá. Ó ti di 32. Ó jẹ àǹfààní kan, nítorí kò ní í sìnlú lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá sì fẹ́ di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú iṣẹ́ abẹ tàbí ìtọ́jú ọmọdé, ọdún mìíràn ṣì ń bẹ níwájú.

Ìṣirò yìí kò tíì ka ìyanṣẹ́lódì sí. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ọdún 2020 gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, ti ọdún 2022 sì gba oṣù mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹra fún èyí lè lọ sí yunifásítì aládàáni, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù náírà ni wọ́n ń kà níbẹ̀ lọ́dọọdún fún ìṣègùn. Kí ẹ mọ ẹni tí yóò san án kí ẹ tó wọlé, kí ó má baà di pé ní ọdún kẹrin ni ẹ ó tún máa wá iṣẹ́ alẹ́.

Sí ẹ̀yin òbí, àti sí ẹ̀yin olólùfẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan nínú ilé. Ìyá tí ó ti ń pe ọmọ rẹ̀ ní "dókítà mi" láti jẹ́lé-ó-sinmi, ìfẹ́ ni ó ń bá a wí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde tí kò dára, orúkọ náà lè di ẹgba. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wá bá yín pé òun fẹ́ tún gbìyànjú, ẹ má kọ́kọ́ béèrè ohun tí ará àdúgbò yóò sọ. Ẹ béèrè ohun tí ó ti ṣe láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ó bá ní nǹkan láti fi hàn, ẹ fún un ní yàrá tí ó dákẹ́ fún wákàtí 2 lálẹ́, kí ẹ má sì ròyìn rẹ̀ ní ibi ìnáwó. Bí ó bá sì wá sọ pé òun kò fẹ́ ìṣègùn mọ́, ẹ gbọ́ ìyẹn náà. Àwọn kan ń padà lọ kọ ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àlá tí kì í ṣe tiwọn.

Fún àwọn tí ó ní àfẹ́sọ́nà tàbí tí ó ti ṣe ìgbéyàwó, ẹ jókòó sọ ọ́ kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù. Ọdún méje kì í ṣe ohun tí a ń fi ta ẹnìkejì ẹni ní òjijì. Àwọn obìnrin ni wọ́n máa ń bi léèrè jù pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ lọ́kọ, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ bímọ, bí ẹni pé ilé àti ìwé kò lè gbé ojú kan. Wọ́n lè gbé e, bí ẹni tí ẹ jọ ń gbé bá mọ iye òru tí ẹ kò ní í sí nílé, tí ó sì gbà.

Pàkúté ẹ̀bá ọ̀nà

Ibi tí ìtara bá ti pọ̀ ni àwọn gbájú-ẹ̀ máa ń pàgọ́ sí. Ẹni tí ó ní òun yóò bá yín ra ààyè ìṣègùn, owó yín nìkan ni ó ń fẹ́. Ibi ìdánwò tí wọ́n ti ń fúnni ní ìdáhùn lè fún yín ní máàkì, kò lè fún yín ní ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ sì ni ẹ kò ní tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì fi ìwé ẹ̀rí àtijọ́ pamọ́ níbi tí fọ́ọ̀mù bá ti béèrè rẹ̀. Third class kì í léni jáde ní ilé ẹ̀kọ́, irọ́ ni ó ń léni.

Ní ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ òkèèrè tí ń polówó pé àwọn kò béèrè nǹkan kan, ẹ rántí pé ẹni tí ó bá kàwé ìṣègùn lókè òkun gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò MDCN kí ó tó lè ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Ilẹ̀kùn tí kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni nígbà tí ó ń wọlé, ìgbà tí ó bá fẹ́ jáde ni yóò rí owó ibodè.

Bí ó bá jẹ́ òòbẹ̀ náà ni

Kí a sọ òótọ́ tí ó kù. Àwọn kan yóò ṣe gbogbo èyí, wọn kò sì ní í wọ ìṣègùn, nítorí ààyè kò tó. Kí ẹni náà má tún lọ ṣọ̀fọ̀ ọdún mẹ́rin mìíràn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìtọ́jú eegun àti iṣan, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ètò ìlera ìlú: kò sí èyí tí ó jẹ́ àjẹkù dókítà nínú wọn. Alábọ̀ aláìsàn tí kò lè gbé apá rẹ̀, ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ti ń gbé e ni ó ń wá, kì í béèrè orúkọ oyè tí ń bẹ níwájú orúkọ onítọ̀hún. Ẹni tí ó bá yan ọ̀kan nínú wọn tọkàntọkàn yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n tì í sínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà sì máa ń hàn nínú èsì.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni mo fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ mú WAEC yín jáde, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ lọ ka ohun tí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ń béèrè fún ìṣègùn lórí IBASS. Ẹ ra ìwé Kẹ́mísírì kan, ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Tí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò kọ́kọ́ mọ èsì.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí ọ̀nà yín là o.